Àwọn ayàwòrán àdúgbò fẹ́ ya ògiri ilé ìpọntí wa: kí ló yẹ kó ṣáájú ọ̀dà?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Apọntí Àdúgbò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jọ ń pọn bíà ní ilé ìpọntí kékeré kan tó wà láàárín àdúgbò, ayálégbé sì ni wá nínú ilé náà. A ti pinnu pé a kò ní fi ògiri wa sílẹ̀ ní funfun lásán mọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì fẹ́ ra àwòrán tí wọ́n tẹ̀ níbòmíràn wá gbé kọ́. Àwọn kan wà ní àdúgbò yìí tí iṣẹ́ ọnà mọ́ wọn lọ́wọ́ dáadáa, àwọn ni a fẹ́ kí wọ́n ya ohun tí ojú wọn ń rí àti ohun tí ọkàn wọn fẹ́ sọ sára ògiri wa, kí ẹni tó bá wọlé lè mọ̀ pé àwọn ènìyàn àdúgbò ló ni ibẹ̀.

Ògiri mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Èkíní ni ti gbọ̀ngàn tí àwọn oníbàárà ti ń jókòó mu ọtí. Ó gbẹ, ó sì tẹ́jú. Èkejì ni ògiri inú yàrá ìpọntí gan-an, lẹ́yìn àwọn àgbá ńlá, tí àwọn oníbàárà ń wò láti ojú fèrèsé onídígí tó wà láàárín yàrá méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni ògiri bíríkì gígùn tó wà níta, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ti ìta yìí ni ọkàn wa fà sí jù, nítorí pé àwọn ará àdúgbò tí kì í mu ọtí rárá pàápàá yóò máa rí i bí wọ́n bá ń kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: báwo ni a ṣe lè pèsè ògiri kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí àwòrán tó lè pẹ́ lára rẹ̀? Ta ló yẹ kó pinnu ohun tí wọn yóò yà, ṣé àwa ni àbí àwọn ayàwòrán? Ẹnì kan nínú wa dábàá pé kí a fi bíà san owó iṣẹ́ fún wọn, kí òkìkí tí iṣẹ́ náà yóò mú wá fún wọn sì jẹ́ èrè yòókù. Àbá náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí yóò sọ. A tún ní in lọ́kàn láti tẹ díẹ̀ nínú àwọn àwòrán náà sára ìgò àti agolo wa lọ́jọ́ iwájú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Aláwọ̀ Ògiri

Ẹ kú ìpinnu rere o. Àwòrán ara ògiri ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè nípa ògiri kí ẹ tó béèrè nípa àwọ̀. Èmi yóò dúró lórí ọ̀rọ̀ ògiri, kí àwọn tó mọ òfin sọ ti òfin.

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ọ̀dà tó sì ń ṣí lára ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ìbú àti òró rẹ̀ tó ìdajì mítà, ẹ tẹ́ ẹ mọ́ ògiri, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa kí afẹ́fẹ́ má lè wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ bá ìrì lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí ojú ògiri níbẹ̀ dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, omi ṣì wà nínú ògiri náà nìyẹn, kò sì tíì yá fún ọ̀dà. Ẹ ṣe é ní ìsàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ẹ ṣe é ní àárín, ẹ sì ṣe é lókè nítòsí òrùlé, nítorí ògiri kan náà lè gbẹ lókè kó sì rin gbingbin nísàlẹ̀.

Lára bíríkì ìta, ẹ wò ó dáadáa bóyá ohun funfun kan ń yọ bí ìyẹ̀fun. Iyọ̀ ni. Omi ló ń gbé e jáde láti inú bíríkì, nígbà tí omi náà bá sì gbẹ, iyọ̀ á kù sójú, á sì máa ti ọ̀dà láti ẹ̀yìn títí yóò fi bó. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a kúrò. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, ńṣe ni yóò yọ́ padà sínú bíríkì. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé, bóyá ọ̀pá òjò tó ti là ni, tàbí simẹ́ńtì àárín bíríkì tó ti ṣá, kí ẹ sì tún un ṣe. Bí ẹ bá tún ibì kankan rẹ́, ẹ jẹ́ kó tó ọjọ́ 28 kí ẹnikẹ́ni tó kun ún, nítorí agbára tó wà nínú simẹ́ńtì tuntun máa ń ba ọ̀dà jẹ́, pàápàá jù lọ ọ̀dà elépo.

Ní ti irú ọ̀dà, acrylic tó jẹ́ olómi ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí bíríkì yín kò bá tíì gba ọ̀dà kankan rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán yín bóyá wọ́n mọ ọ̀dà silicate lò. Adolf Wilhelm Keim, ará Jámánì, ló gba ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lé e lórí ní 1878. Ọ̀dà yìí kì í bo ògiri bí awọ. Ó máa ń bá èròjà inú bíríkì àti simẹ́ńtì ṣe pọ̀ di ọ̀kan ni, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ògiri rí ọ̀nà jáde. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kì í mú lórí ọ̀dà àtijọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti acrylic. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó ń dán bí ike bo gbogbo bíríkì náà lẹ́yìn iṣẹ́ ní orúkọ ìdáàbòbò, nítorí omi tó bá há sẹ́yìn rẹ̀ ni yóò ba àwòrán náà jẹ́.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí yóò máa ba ògiri náà lójoojúmọ́ ń jẹ àwọ̀. Àwọ̀ tó ti ara ìpẹtà irin wá, ìyẹn pupa rẹ́súrẹ́sú àti ìyeyè bí ilẹ̀, kì í ṣá bọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ òdòdó àti pupa títàn yòò ló kọ́kọ́ máa ń ṣá. Lára ike ọ̀dà, ẹ wá àmì bí PR101 fún pupa ìpẹtà, PY42 fún ìyeyè rẹ̀, àti PB15 fún búlúù tó lágbára. Ọ̀dà tí kò bá kọ àmì àwọ̀ rẹ̀ sára, kò yẹ lójú ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

Nígbà tó jẹ́ pé ayálégbé ni yín, mo ní àbá kan fún gbọ̀ngàn: ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ibẹ̀ sórí pátákó ńláńlá tí wọn yóò fi ìdè mọ́ ògiri. Bí ẹ bá kó kúrò, àwòrán á bá yín lọ.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Nídìí Àgbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi apọntí. Ọ̀rọ̀ Aláwọ̀ Ògiri dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ògiri kejì yẹn, nítorí pé iṣẹ́ ìpọntí ni mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe mi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya nǹkan kan sí i.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ògiri yàrá ìpọntí. Nígbà tí ẹ bá ń se omi ọkà fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru rẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ ògiri, á di omi, á sì máa ṣàn wálẹ̀. Ẹ ń fi omi sódà tó ń jó ara (caustic soda), ní gbígbóná, fọ àgbá, ẹ ń fi ásíìdì ṣan án, ẹ sì ń fi rọ́bà omi fọ ilẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń ta sára ògiri. Ògiri yàrá tí a ti ń ṣe ohun mímu gbọ́dọ̀ ṣe é fọ̀ kó sì mọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwòrán tí ẹ kò lè fọ̀ bí ẹ ti fẹ́ nítorí ẹ̀rù pé yóò bàjẹ́ ni yóò di ibi tí ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí, bí ẹ bá sì ń fọ̀ ọ́ bó ti yẹ, kò ní pẹ́ tí yóò fi bó sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò yẹ fún irú ikú bẹ́ẹ̀.

Ewu tún wà fún ayàwòrán fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì ronú kàn án. Bí ìwúkàrà bá ti ń ṣiṣẹ́ nínú àgbá, afẹ́fẹ́ carbon dioxide ń jáde, ó sì fi bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ìdí nìyí tó fi máa ń kó jọ sílẹ̀ àti sí kọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí òfin ààbò ibi iṣẹ́ gbà láàyè fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ kò ju ìpín 5,000 nínú mílíọ̀nù ìpín afẹ́fẹ́ lọ. Ayàwòrán tó bá kúnlẹ̀ lẹ́yìn àgbá láti ya ìsàlẹ̀ ògiri lè mí i sínú láìmọ̀, nítorí kò ní òórùn tó lè ta á lólobó. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ èyí, a sì ní ẹ̀rọ tó ń ké bí ó bá pọ̀ jù. Àlejò kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ òórùn ọ̀dà ńkọ́? Ọkà tí a ti mú hù tí ẹ kó sínú àpò máa ń fa òórùn mọ́ra gidigidi. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà inú agolo fọ́n ara ògiri gbọ̀ngàn nígbà tí ilẹ̀kùn ibi ìkó-ọkà-sí ṣí sílẹ̀, kò ní yà mí lẹ́nu bí ẹ bá tọ́ ọ wò nínú bíà tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dà olómi ni kí wọ́n lò nínú ilé, kí wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò pọntí, kí ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ ni kí àwòrán pàdé ojú ẹni tó ń wo àgbá, apá gbọ̀ngàn ni kí wọ́n ti yà á yí fèrèsé onídígí náà ká. Àgbá inú yàrá á wá dà bí apá kan àwòrán náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi omi sódà kàn án.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Olùkọ Àdéhùn

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn oníṣẹ́ ọnà kọ àdéhùn. Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, nítorí náà ẹ mú ohun tí mo bá sọ lọ sọ́dọ̀ amòfin tó wà nítòsí yín.

Onílé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ sì gba àṣẹ rẹ̀ ní àkọsílẹ̀. Ní 2014, Banksy, gbajúmọ̀ ayàwòrán ara ògiri tí kì í fi ara rẹ̀ hàn, ya àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní “Art Buff” sára ògiri ilé kan ní Folkestone, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ayálégbé inú ilé náà gé apá ògiri tí àwòrán wà lára rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà láti tà á. Ní 2015, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé onílé ló ni ohun tí wọ́n gé náà, kì í ṣe ayálégbé. Bí ẹ bá ya ògiri onílé láìsí àdéhùn, ẹ̀yin ni yóò náwó, òun ni yóò ni ògiri. Àbá pátákó tí Aláwọ̀ Ògiri mú wá fún gbọ̀ngàn bọ́gbọ́n mu nítorí èyí, ó sì yẹ kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ ní kedere pé ìní yín ni àwọn pátákó náà.

Ẹ̀tọ́ ayàwòrán tún wà lọ́tọ̀ sí ti ẹni tó ni ògiri. Láti 1928 ni àdéhùn Berne láàárín àwọn orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ti fi kún un pé oníṣẹ́ ọnà ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dá òun mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì lè tako ẹni tó bá yí i padà lọ́nà tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, tí wọ́n ń pè ní VARA, ní 1990. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 5Pointz, ilé kan ní New York tí àwọn ayàwòrán ti ya ògiri rẹ̀ kún: ní oṣù Kọkànlá 2013, onílé ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun bo àwọn àwòrán tó wà níbẹ̀ ní òru, láìfi tó àwọn ayàwòrán létí bí òfin ti wí. Ní 2018, adájọ́ ní kó san mílíọ̀nù 6.75 dọ́là fún àwọn ayàwòrán 21 nítorí àwòrán 45, ilé ẹjọ́ tó ga ju ìyẹn lọ sì fọwọ́ sí i ní 2020. Ilé tirẹ̀ ni o. Ìwé ìkìlọ̀ tí yóò fún àwọn ayàwòrán láyè ọjọ́ 90 láti kó èyí tó ṣe é kó tàbí láti ya fọ́tò èyí tí kò ṣe é kó ìbá ti yọ ọ́ nínú púpọ̀ nínú wàhálà yìí.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọdún mélòó ni ẹ ṣèlérí pé àwòrán yóò wà níbẹ̀, ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, báwo ni ẹ ó ṣe sọ fún ayàwòrán kí ẹ tó bò ó, níbo ni orúkọ rẹ̀ yóò wà lára ògiri. Ọ̀rọ̀ ìgò àti agolo gbọ́dọ̀ ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú owó tirẹ̀. Sísan owó àwòrán ara ògiri kò túmọ̀ sí pé ẹ ti ra ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sára ọjà. Ó yẹ kí ayàwòrán mọ iye ìgò tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí àti iye ọdún tí ẹ fẹ́ fi lò ó kó tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ má sì fi bíà san owó iṣẹ́. Ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ lórí àkàbà lábẹ́ oòrùn ní owó ilé láti san bíi tiyín. Ẹ san owó àwòrán àfiṣàpẹẹrẹ lọ́tọ̀, ẹ san apá kan kí ó tó ra ọ̀dà, kí ẹ sì san ìyókù nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí ẹ bá fẹ́ fi bíà kún un lẹ́yìn èyí gẹ́gẹ́ bí ọ̀yàyà, kò sí ẹni tí yóò bínú.

Ohun kan kù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, bí orúkọ tàbí àmì ilé-iṣẹ́ yín bá ti wọ inú àwòrán ìta, ìjọba lè kà á sí pátákó ìpolówó, òfin ìpolówó ọtí á sì kàn án. Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ará Òdìkejì Títì

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà, ìbéèrè tó kan ohun tí wọn yóò yà ló sì mú mi sọ̀rọ̀, nítorí pé òun gan-an ló wà lọ́kàn mi jù nínú gbogbo ohun tí apọntí wa béèrè.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ayàwòrán wá jókòó tì yín nídìí iṣẹ́ kí wọ́n tó fa ìlà kan. Nígbà tí Diego Rivera, ayàwòrán ará Mẹ́síkò, fẹ́ ya ògiri Detroit Institute of Arts, ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà-sí kan ní Amẹ́ríkà, ní 1932, ó lọ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford tó wà ní Rouge, ó wo bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ya àwọn àwòrán àkọ́yà púpọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwòrán 27 tó parí ní 1933 fi kún fún ènìyàn tó tẹ̀ ba, tó ń fà, tó ń tì, tí ẹ sì lè mọ̀ láti ara ẹ̀yìn wọn pé ẹrù náà wúwo. Ẹni tí kò bá tíì rí apọntí rí yóò ya ife bíà àti ìfófòó, ohun tó wà lára gbogbo ìpolówó ọtí láyé. Ẹni tó bá ti dúró tì yín lówùúrọ̀ yóò rí bàtà rọ́bà tó rin, yóò rí ojú ẹni tó tẹ etí mọ́ àgbá láti gbọ́ bóyá ó ń hó, yóò sì rí ọwọ́ tí ooru ti sọ di pupa.

Ní ti ẹni tó yẹ kó pinnu, èrò mi ni pé kí ẹ̀yin sọ ohun tí ẹ kò lè fara mọ́, kí ayàwòrán pinnu ìyókù, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí àwòrán àfiṣàpẹẹrẹ kan náà. Rivera yìí kan náà ni wọ́n gbà láti ya ògiri Rockefeller Center ní New York ní 1933. Ó ya ojú Lenin, olórí ìjọba Kọ́múníìsì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, sí i, èyí tí kò hàn nínú àwòrán tí àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un fọwọ́ sí, ó kọ̀ láti yọ ọ́, wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì fọ́ àwòrán náà dànù ní 1934. Èmi kò gbè sẹ́yìn ẹni tó fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣègbé nítorí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n ti jọ sọ tán kí àkàbà tó kan ògiri.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ògiri ìta náà má jẹ́ ti ọtí. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé àwọn tí kì í mu ọtí yóò máa rí i, àwọn ọmọdé náà yóò sì máa rí i. Ẹ fi ti ọtí sínú gbọ̀ngàn, kí ẹ fi ìta sílẹ̀ fún àdúgbò. Ní Philadelphia, níbi tí ètò àwòrán ara ògiri ti ń lọ láti 1984, wọ́n máa ń ya àwòrán sórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ní ègé-ègé nínú ilé, lẹ́yìn náà wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ayàwòrán á fa ìlà, á kọ nọ́ńbà àwọ̀ sí i, ẹni tí kò lè gun àkàbà á sì jókòó síbi tábìlì kùn ún. Báyìí ni ìyá arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ṣe lè ní ọwọ́ nínú ògiri tí yóò máa wò láti ojú fèrèsé rẹ̀.

Ìdáhùn Apọntí Àdúgbò

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ kò ní rẹ̀ yín. A ti jọ ka gbogbo èsì yín. Ògiri yàrá ìpọntí yóò wà bó ti wà, a ó sì ya ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ láti gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn yóò gba pátákó. Àbá fífi bíà san owó ti wọlẹ̀. Owó ni a ó san, a ó sì san ti àwòrán àfiṣàpẹẹrẹ lọ́tọ̀ fún gbogbo ẹni tí a bá ní kó yà á, yálà a mú tirẹ̀ tàbí a kò mú un. Àmì ilé-iṣẹ́ wa kò ní sí lára ògiri ìta rárá. Ẹ̀gbọ́n Aláwọ̀ Ògiri, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé a lè lẹ aṣọ tí wọ́n sọ yẹn mọ́ bíríkì wa, àbí tààrà sára bíríkì ló dára jù?

Èsì láti ọ̀dọ̀ Aláwọ̀ Ògiri

Ojú ìlà àárín bíríkì yóò hàn lẹ́yìn aṣọ náà bí ìlà wọ̀nyẹn bá jìn, afẹ́fẹ́ sì lè há sínú wọn kó wú. Bí ẹ bá fẹ́ lo aṣọ, ẹ kọ́kọ́ rẹ́ apá tí yóò gbà á kó tẹ́jú, kí ẹ dúró fún ọjọ́ 28 tí mo sọ, kí ẹ sì tún fi ọ̀rá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyókù ògiri náà lè gba ọ̀dà tààrà, àwọn ayàwòrán á sì mọ bí wọn yóò ṣe so méjèèjì pọ̀ tí ojú kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ẹ sọ fún wọn pé àárọ̀ ni kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nígbà tí ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ṣì wà lábẹ́ òjìji. Lọ́sàn-án, bíríkì náà yóò gbóná débi pé acrylic á gbẹ kó tó mú, bí ooru ojú ọjọ́ bá sì lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, kò ní so pọ̀ dáadáa. Ẹ bá wọn wá omi, ibi tí wọn yóò ti máa fọ búrọ́ọ̀ṣì, àti ibòji tí wọn yóò máa jókòó sí, ẹ má sì jẹ́ kí omi tí wọ́n fi fọ búrọ́ọ̀ṣì wọ gọ́tà òjò.